Ta Ló Ká Ewé Ilá Tàíbátù Kò?

Ewé ilá yẹ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń gba sàárà. Èyí tí Tàíbátù ń wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí ti ká kò. Etí rẹ̀ wé sínú, ó tín-ín-rín, ó sì lọ́ bí okùn. Obìnrin náà yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó pòṣé. Ó bọ́ sí ìdí kejì, bákan náà ni. Ó bọ́ sí ìkẹta. Kí oòrùn tó là dáadáa lórí Ìbà, ó ti pòṣé títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń tọ́jú ilá yìí, bó sì ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni ó ń burú sí i.

Kì í ṣe ilá lásán ni ilá ọ̀hún. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí Tàíbátù sí, Ìsẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ ti di èso ilá náà mọ́ etí ìró fún un nígbà tó ń tẹ̀lé ọkọ bọ̀ ní Èkó, ọdún kejìlélógún rèé. Ilá kúkúrú ni, ó sanra, ó nígun tó yọ síta, bí èèyàn bá sì ká a ní ọjọ́ Ajé tí kò sè é títí di Ọjọ́bọ̀, kò ní le. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìyànà Ìbà mọ̀ ọ́n. Wọn a máa kọjá lára ilá gígùn tó wá láti ibòmíràn, wọn a ní, "Ìyá Mujeeb dà?" Tàíbátù kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní èso rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí ó wá rà á. Ìyá rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ti ta ilé, wọ́n ta ilẹ̀, wọ́n pín in. Ohun tó kù lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà lára ìyá rẹ̀ kò ju èso inú agolo mílíìkì kan lọ.

Agolo náà ni àgbàrá bá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí òjò ńlá wọ yàrá wọn ní Òkókómáíkò ní ọdún tó kọjá. Omi wọ inú rẹ̀, èso hu ewú, ó rà. Ọpẹ́lọpẹ́ ilá gbígbẹ mélòó kan tó so kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ìkúnwọ́ kan ni ó rí nínú wọn. Ìkúnwọ́ yẹn ni ó gbìn ní ọdún yìí, gbogbo rẹ̀ pátá, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù, nítorí èso ilá tó bá pẹ́ nílẹ̀ kì í fẹ́ hù mọ́. Ebè gbọọrọ mẹ́jọ ni ó gbà. Bí ebè mẹ́jọ yìí kò bá so, kí ó gbẹ, kí ó fún un ní èso, ilá ìyá rẹ̀ ti parí láyé nìyẹn. Ẹ wá sọ fún mi bí ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní máa pòṣé.

Oko náà wà lábẹ́ wáyà iná ńlá tó gba ẹ̀yìn Ìbà Housing Estate kọjá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ mẹ́fà ló pín in, wọ́n ń pe ara wọn ní ẹgbẹ́ Abẹ́ Wáyà. Wọn kò lówó púpọ̀, pọ́ọ̀mpù ìfínko kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò, èyí tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀, pọ́ọ̀mpù a sì sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ẹtì ni ti Bàbá Ṣọlágbadé, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Tíṣà, tí oko rẹ̀ wà lápá òsì Tàíbátù. Àbámẹ́ta ni ti Tàíbátù fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ti Bọ́sẹ̀, Ìyá Dàmọ́lá, tó ń gbin tòmátò lápá ọ̀tún.

Wọ́n sì ní àṣà kan tí n kò tíì rí níbòmíràn. Bí èèyàn kì í ti í dá abọ́ padà lófìfo fún aládùúgbò tó fún un lóúnjẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kì í gbé pọ́ọ̀mpù lófìfo fún ẹni tó kàn. Ẹni tó bá fínko tán a máa ṣẹ́ oògùn díẹ̀ kù sínú rẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀. Oògùn kòkòrò ti wọ́n, ìwọ̀nba àṣẹ́kù yẹn a sì máa dín ìnáwó kù. Ẹni tó bá gbé pọ́ọ̀mpù lófìfo, wọn a ní ahun ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà kéré. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ilá ga dé orúnkún, Tàíbátù rí àwọn kòkòrò funfun wíwẹ́wẹ́ lábẹ́ ewé. Bí èèyàn bá fọwọ́ kan ewé, wọn a fò yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ bí eérú, wọn a sì tún bà. Ìdí ilá méjì ní ebè àkọ́kọ́ ti ní àmì, iṣan ewé wọn pọ́n bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyókù ewé ṣì tutù. Ó mọ èyí. Ìyá rẹ̀ ti fi hàn án rí. Ó fa méjèèjì tu, ó ru wọ́n lọ jìnnà, ó sun wọ́n. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gbé pọ́ọ̀mpù, ó bá àṣẹ́kù Bàbá Tíṣà nínú rẹ̀, àṣẹ́kù náà pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì ṣàdúrà fún bàbá. Ó bu oògùn kòkòrò tirẹ̀ lé e, ó rọ omi kún un, ó fín ilá rẹ̀ lábẹ́ ewé lókè ewé, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ.

Ní ọjọ́ kẹrin, gbogbo ilá ká kò.

Kì í ṣe méjì, kì í ṣe mẹ́wàá. Ó wo ebè kìíní, ó wo ìkejì, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní oògùn náà kò lágbára ni, àìsàn ti ṣíwájú rẹ̀ tàn kálẹ̀. Ó gba Òkókómáíkò lọ sọ́dọ̀ Sherif, ọkùnrin tó ń ta oògùn oko nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó gbé ewé kan dání nínú ọ̀rá.

Sherif wo ewé náà, kò tilẹ̀ yọ ọ́ nínú ọ̀rá. "Fáírọ́ọ̀sì ni, màmá."

"Kí ni oògùn ẹ̀?"

"Kò ní oògùn."

Tàíbátù wò ó títí. "Gbogbo ìgò tó o tò kalẹ̀ yìí ńkọ́? Omi ni?"

"Màmá, ẹ má bínú. Ohun tí mò ń sọ ni pé fáírọ́ọ̀sì ò ní oògùn, àmọ́ kòkòrò tó ń gbé e kiri ní oògùn. Ẹ mú èyí, original ni. Tí ẹ bá rí i pé kò ṣiṣẹ́, ẹ fa gbogbo ẹ̀ tu, kó má lọ ran ti ẹlòmíì."

Ó ra ìgò náà. Ní Àbámẹ́ta kejì ó tún bá àṣẹ́kù nínú pọ́ọ̀mpù, ó tún bu tirẹ̀ lé e, ó tún fín in. Ewé tí kò tíì ká tẹ́lẹ̀ wá ká báyìí, orí ilá tẹ̀ bí orí ẹni tó ń sunkún. Ewé tuntun tó ń yọ jáde kò rí bí ewé ilá mọ́, ó rí bí ìka ọwọ́ márùn-ún tó tínrín. Tàíbátù jókòó sílẹ̀ láàárín poro, ó fi ìró nu ojú. Òógùn ni, kì í ṣe omijé, tàbí bóyá méjèèjì ni.

Ó ya fọ́tò ewé náà, ó fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹgbẹ́ lórí Wasáàpù. Ìdáhùn dé bí òjò. Ẹnì kan ní omi pọ̀ jù. Ẹnì kejì ní omi kéré jù. Ẹnì kẹta ní iyọ̀ inú ilẹ̀ ni, pé òun ti mọ ilẹ̀ Ọ̀jọ́ tipẹ́. Wọ́n ní kí ó da eérú sí i, kí ó fi omi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kí ó bu fatiláísà sí i nídìí. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ayé ni o, ẹ gbàdúrà." Ẹnì kan tilẹ̀ fi fọ́tò bàtà tó ń tà sí i. Gbogbo rẹ̀ ni Tàíbátù ṣe, àfi bàtà tí kò rà. Ó da eérú, ó wẹ̀ ẹ́ lọ́ṣẹ, ó bu fatiláísà. Ilá kò dá a lóhùn.

Kazeem ọkọ rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe ní Alábà, wo ìyàwó rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan bó ṣe ń fọ ọwọ́ láìsọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá Mujeeb, ilá ò wọ́n lọ́jà. Ẹ jẹ́ ká lọ rà á." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni ó pè é. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Bí inú bá ń bí èèyàn báyìí tí kò sì rí ẹni bínú sí, ọkàn rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni náà kiri. Tàíbátù wá a, ó sì rí i. Ó rántí pé ọjọ́ mélòó kan kí ewé tó ká, Bọ́sẹ̀ dúró lẹ́bàá oko rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Háà! Ìyá Mujeeb, ilá yín yìí ń dán bí ẹni fòróró pa á!" Kí ni Bọ́sẹ̀ ń wá lẹ́bàá oko òun? Kí ló dé tó fi dárúkọ òróró? Ìdí ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wà. Ó ro ó sọ́tùn-ún, ó ro ó sósì, nígbà tí ìpàdé ẹgbẹ́ fi máa wáyé ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta kẹta, ọ̀rọ̀ ti jinná nínú rẹ̀.

Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ igi fúrúùtù. Àkọ̀wé ẹgbẹ́, Ayọ̀túndé, bi í bí ilá ṣe ń ṣe sí. Tàíbátù dìde.

"Ilá mi ń kú, mo sì ti mọ ojú tó pa á," ó ní. Ó na ọwọ́. "Ìyá Dàmọ́lá, ilá tó o yìn yẹn, ọjọ́ tó o yìn ín ni mo rí i mọ. Ṣé o ti rí ohun tó o ń wá?"

Bọ́sẹ̀ ń ṣa òkúta kúrò nínú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé orí sókè, ó wo Tàíbátù. Ó wọ bàtà, ó dìde, ó lọ. Bàbá Tíṣà ní, "Tàíbátù, ẹyin lohùn o," ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Ara Tàíbátù yá fún bí ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà inú tún ń bí i, nítorí ilá kò tìtorí pé òun sọ̀rọ̀ tẹ́ ewé sílẹ̀.

Báyìí ni ọ̀ràn ti rí dé àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn, tó dúró ní iwájú ebè kìíní tó ń pòṣé. Ó ti pinnu. Sherif ní kí ó fa gbogbo rẹ̀ tu, yóò fà á tu. Ó ká ìró mọ́ ìdí, ó bẹ̀rẹ̀. Ó fa ebè kìíní, ó fa ìkejì. Kò fà á bí ẹni ń ṣiṣẹ́, ó fà á bí ẹni ń jà. Ó ń bá ilá náà sọ̀rọ̀. "Mo fún ẹ lómi. Mo fún ẹ ní fatiláísà. Mo bá ọkọ jà torí ẹ. Mo bú èèyàn torí ẹ." Ó ń jù wọ́n sẹ́yìn láìwò. Nígbà tó dé ìdajì ebè kẹjọ, ó nawọ́ mú ìdí kan, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Ewé ti èyí tẹ́.

Ó yí díẹ̀ létí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé ilá ni, ó fẹ̀, ó tutù, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó. Ó wo èyí tó tẹ̀lé e. Bákan náà. Ó kà wọ́n títí dé ìparí ebè, mẹ́sàn-án ni. Èso kan náà ni, inú ìkúnwọ́ kan náà ni wọ́n ti jáde, ọjọ́ kan náà ni ó gbìn wọ́n. Kí ló dé tí àìsàn fi dúró síbí bí ẹni bá ọlọ́pàá lójú ọ̀nà?

Tàíbátù jókòó sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wo oko rẹ̀ láì pòṣé. Ó wo gbúre tó hù fúnra rẹ̀ láàárín poro ebè kẹta. Gbúre náà lọ́. Ó wo ìmí eṣú tó wà létí ọ̀nà. Òun náà lọ́, orí rẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n koríko eléwé tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín wọn, tó yẹ kí ó kú kí ayé lè gbádùn, ń dán gbinrin. Fáírọ́ọ̀sì wo ló ń mú ilá, tó ń mú gbúre, tó ń mú ìmí eṣú, tó wá fojú fo koríko? Ojú burúkú wo ni Bọ́sẹ̀ ní tó fi máa wo gbúre tí ẹnikẹ́ni kò gbìn?

Ó tún wo ibi tí àìsàn dúró sí. Ó mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti máa ń sọ pọ́ọ̀mpù kalẹ̀. Pọ́ọ̀mpù kún kan a máa gbé e dé ìdajì ebè kẹjọ, yóò ṣẹ́ ti Bọ́sẹ̀ kù sínú rẹ̀, yóò wá po oògùn díẹ̀ mọ́ omi mímọ́ nínú korobá, yóò fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sí ìyókù. Ilá mẹ́sàn-án yìí kò mu nínú àṣẹ́kù rí.

Ó rìn lọ sábẹ́ páànù ẹgbẹ́, níbi tí pọ́ọ̀mpù wà, Bọ́sẹ̀ kò tíì wá gbé e. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Oògùn kòkòrò ni ó kọ́kọ́ gbọ́. Lábẹ́ rẹ̀, òórùn mìíràn wà tó ta á nímú, òórùn bí ti oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó bojú wo apá òsì, oko Bàbá Tíṣà. Àgbàdo dúró dẹ̀ǹkẹ̀, ó tutù, kò sí ewé gbúre kan ṣoṣo nídìí rẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, bàbá máa ń fi ọkọ́ roko náà títí ẹ̀yìn a fi dùn ún. Lọ́dún yìí, Tàíbátù kò rí ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Bàbá Ṣọlágbadé wà lórí àpótí rẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Nígbà tó rí i, ojú rẹ̀ tàn.

"Tàíbátù ọmọ mi! Ilá ńkọ́?"

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá, kí ni ẹ fi ń pa èpò ìdí àgbàdo yín?"

"Háà, o rí i! Oògùn kan ni. Ẹ̀yìn mi ò gbé ọkọ́ mọ́. Wọ́n ní èpò nìkan ló ń pa, kì í fọwọ́ kan irè. Wò ó, ó fọwọ́ kan àgbàdo?" Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo sì máa ń rántí ẹ o. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo lò ó, ìdámẹ́ta pọ́ọ̀mpù ni mò ń fi sílẹ̀ fún ẹ. Mo ní, obìnrin yìí nìkan ló ń dá roko, jẹ́ kí èpò rẹ̀ dínkù. Ṣé o rí i?"

Tàíbátù ti ro ohun tó máa sọ láti oko rẹ̀ wá. Ó pọ̀, ó sì korò. Ó wo ẹnu bàbá náà, gúgúrú funfun kan lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ti ń wá ẹni tó ká ewé ilá òun kò. Ó ti rí i wàyí, kò sì ṣeé bú. Ìyẹn gan-an ló bí i nínú jù.

"Mo rí i sà," ó ní. "Bàbá, oògùn yẹn ló pa ilá mi. Ewé tó bá fẹ̀ ni ó ń pa, ilá náà sì wà níbẹ̀. Ewé àgbàdo rí bíi ti koríko, òun ni ó ṣe yọ nínú ẹ̀."

Gúgúrú bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, Tàíbátù sì sáré dì í mú léjìká. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sà! Ẹ fẹ́ kí n kú ni?" Ó pariwo mọ́ ọn. Ariwo yẹn nìkan ni ó rí pa.

Ibi tó le kù sí iwájú. Ó rìn lọ sí apá ọ̀tún. Bọ́sẹ̀ ń de tòmátò mọ́ igi, ó rí i, ó sì yí ẹ̀yìn padà sí i.

"Ìyá Dàmọ́lá."

Bọ́sẹ̀ ń de okùn lọ.

"Kì í ṣe ojú rẹ. Oògùn èpò Bàbá Tíṣà ni, inú pọ́ọ̀mpù ni ó wà."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ojú mi, Ìyá Mujeeb. Ojú mi, èmi ni mo ni ín." Bọ́sẹ̀ yí padà. Ó gbé ewé tòmátò kan sókè, ó fi hàn án. Ewé náà ká. Òmíràn ká. Gbogbo ìlà iwájú ni ó ká. "Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé pọ́ọ̀mpù fún mi. Láti ọ̀sẹ̀ tí mo ti lo àṣẹ́kù yín ni ó ti ń ṣe báyìí. Mi ò pè yín ní àjẹ́. Mo ní bóyá òjò ni."

Tàíbátù wo ewé náà, ojú sì tì í débi pé ara rẹ̀ gbóná. Ó ní, "Má bínú."

"Ìdí igi fúrúùtù lẹ ti bú mi. Níwájú Ayọ̀túndé, níwájú gbogbo wọn. Ẹ ò lè wá ti ìdí tòmátò bẹ̀ mí."

Ó padà sídìí okùn rẹ̀.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, Tàíbátù dìde lábẹ́ igi fúrúùtù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó sàn fún un kí ó ru àpò sìmẹ́ǹtì ju kí ó ní òun ṣàṣìṣe lọ. Ó sọ ọ́. Ó sọ pé òun purọ́ mọ́ Ìyá Dàmọ́lá, àti pé òun náà ti gbé májèlé kọjá sí oko rẹ̀. Nípa àṣẹ́kù, ó ní kí wọ́n fi òpin sí i, kí kálukú máa fọ pọ́ọ̀mpù lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó gbé e sílẹ̀. Kò dárúkọ Bàbá Tíṣà. Bàbá Tíṣà ló dìde tó dárúkọ ara rẹ̀. Bọ́sẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ó ti tán," bí ẹni tí kò tíì tán nínú rẹ̀.

Ó ku ilá mẹ́sàn-án. Tàíbátù bẹ̀rù pọ́ọ̀mpù débi pé kò fẹ́ rí i sójú mọ́. Àràárọ̀ ni ó ń fi àkísà àti omi ọṣẹ nu abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ pa àwọn kòkòrò funfun náà, ó ń bú wọn. Síbẹ̀ iṣan ewé méjì pọ́n, ó sì fà wọ́n tu kí wọ́n má baà ran ìyókù. Ó ku méje. Ẹ̀gbọ́n Kazeem wá kí wọn láti Navy Town, ó ní òun fẹ́ jẹ nínú ilá tí wọ́n ń ròyìn. Tàíbátù lọ ra ilá lọ́jà fún un. Kò ká ọ̀kankan nínú tirẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n gbó, kí wọ́n gbẹ lórí igi, kí ara wọn là.

Ṣé ìyókù tó fà tu ìbá gbádùn bó bá ní sùúrù? Bóyá. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, nítorí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ó ká ilá gbígbẹ, ó pa á, ó sì fẹ́ eruku kúrò lára èso rẹ̀. Ìkúnwọ́ kan tún ni. Ó jókòó ti ìkúnwọ́ yìí pẹ́ kí ó tó wá ọ̀rá wẹ́wẹ́ mẹ́ta, ó pín in sínú wọn. Ọ̀kan di ti Bàbá Tíṣà, tó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó mú èkejì lọ sí ìdí tòmátò.

"Gbà," ó ní fún Bọ́sẹ̀. "Má dúpẹ́ o. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Mò ń wá ibi tí mo lè fi í pamọ́ sí ni. Bí tọwọ́ mi bá tún kú, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo máa wá tọrọ."

Bọ́sẹ̀ wo inú ọ̀rá náà, ó wo ojú rẹ̀. "Bí ẹ bá wá tọrọ, mo máa kọ́kọ́ bú yín ná."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀."

Tàíbátù yí padà, ó ń lọ sílé. Inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí Bàbá Tíṣà, kì í ṣe sí Sherif tàbí sí àwọn kòkòrò. Ó rántí agbo ilé wọn ní Ìsẹ́yìn ní àkókò ìgbìn, bí àwọn obìnrin ṣe máa ń wọlé, tí ìyá rẹ̀ a máa bu èso ilá fún wọn láìwo ojú, ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀, a ní, "Ẹ gbé e lọ, kó má parí sí ọ̀dọ̀ mi." Òun ló dé Èkó, tó há a mọ́ inú agolo fún ọdún méjìlélógún.